Àwọn Ọkọ̀ Ogun Tó Lọ Bi Sánmà Léèrè

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ. Ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn, fi fóònù sílẹ̀, kó o fà síwájú. Ẹ ní ìtàn ìjàpá ti sú yín, ẹ ní ohun ìyanu tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ lẹ fẹ́ gbọ́. Ó dáa. Olùkọ́ físíìsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ sì mọ̀ pé irọ́ olùkọ́ físíìsì kò tó ti ọdẹ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ òfúrufú tí wọ́n fi ja ogun Hitler ni mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí. N ò ní í ka iye ènìyàn tí wọ́n pa fún yín. Ìyẹn kì í ṣe ìyanu. Ọmọ aráyé ti ń pa ara wọn kí wọ́n tó mọ irin rọ. Èyí tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún pípànìyàn ni wọ́n gùn lọ wádìí ohun tí ẹnì kankan kò mọ̀ nípa afẹ́fẹ́, nípa ìró, títí dé inú àrá pàápàá. Àmọ́ a kì í bí ọmọ ká má sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀.

Ní ìlú Southampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Supermarine. R. J. Mitchell ni ọ̀gá àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ òfúrufú tó ń gbéra lórí omi, èyí tí wọ́n fi ń du ife-ẹ̀yẹ Schneider, ló sọ ọ́ di olókìkí. Nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ ogun wá, èyí àkọ́kọ́ tó ṣe kò dùn ún wò, kò sì yá nílẹ̀. Wọ́n kọ̀ ọ́. Spitfire ni wọ́n ti ń pe ọkọ̀ tí wọ́n kọ̀ yẹn. Mitchell padà sídìí iṣẹ́, ó ya òmíràn tí apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 1936, ọkọ̀ kejì yìí fò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní pápá Eastleigh, wọ́n sì tún gbé orúkọ ti àkọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ nílé wa níbí ni, ẹ̀ bá gbọ́ tí àwọn ìyá àgbà ń sọ pé èyí tó kú yẹn ló padà wá.

Níbo ni wọ́n ti rí orúkọ ọ̀hún? Lọ́dọ̀ Sir Robert McLean, alága Vickers, ilé iṣẹ́ ńlá tó ni Supermarine. Ó ní ọmọbìnrin kan, Ann, ọmọ tí kì í gbà fẹ́nì kankan, tí ẹnu rẹ̀ máa ń yọ iná tí wọ́n bá tọ́ ọ. Spitfire ni bàbá rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún un. Bí orúkọ ìnagijẹ ọmọ tó lẹ́nu ṣe di orúkọ ọkọ̀ ogun nìyẹn. Inú Mitchell kò dùn sí i. Wọ́n ní ohun tó sọ ni pé irú orúkọ òmùgọ̀ tí òun retí pé wọ́n máa mú náà nìyẹn. Jẹjẹrẹ pa á ní oṣù kẹfà ọdún 1937, ẹni ọdún 42, ogun kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kò mọ̀ pé gbogbo ayé máa mọ orúkọ tóun ò fẹ́ yìí ju orúkọ tòun lọ.

Ilé iṣẹ́ Hawker ní tiwọn, orúkọ ìjì ni wọ́n ń sọ ọmọ: Hurricane, Typhoon, Tempest. Àwọn ará Amẹ́ríkà sì fẹ́ràn nọ́ńbà: P-38, P-51. Nọ́ńbà kò dùn mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wá rajà lọ́wọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ Lockheed ti pinnu pé Atalanta ni P-38 máa jẹ́. Àwọn oníbàárà ní rárá, Lightning ni, mànàmáná. P-51 ńkọ́? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ béèrè fún un lọ́dún 1940, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ ẹṣin ìgbẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Mustang. Orúkọ tí oníbàárà mú ni ẹni tó tajà náà ń pè é di òní.

Ti Japan tún yàtọ̀. Ọdún 1940 àwọn òyìnbó jẹ́ ọdún 2600 nínú kàlẹ́ńdà ọba wọn, nítorí náà ọkọ̀ tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún yẹn di ọkọ̀ Òdo. Zero ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kò lè máa ka nọ́ńbà àwọn ará Japan lójú ogun, ni wọ́n bá ní kí ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Frank McCoy, ọmọ Tennessee, fún wọn lórúkọ. Ó fún ọkọ̀ ajagun lórúkọ ọkùnrin, ó fún àwọn tó ń ju bọ́ǹbù lórúkọ obìnrin. Zero di Zeke, irú orúkọ tí ará oko Tennessee ń sọ ọmọ. Nígbà tí Zero mìíràn yọjú tí wọ́n gé etí apá rẹ̀, McCoy pè é ní Hap. Wàhálà dé. Hap ni orúkọ ìnagijẹ Ọ̀gágun Arnold, olórí àwọn ọkọ̀ òfúrufú ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà! Ta ló fẹ́ gbọ́ lójoojúmọ́ pé àwọn ọmọ òun yìnbọn lu Hap títí Hap fi já bọ́? Kíá ni wọ́n yí i sí Hamp.

Kí lo wí? Bóyá orúkọ tiwa wà lára ọ̀kankan? Ó wà o. Lọ́dún 1940, nígbà tí Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí London, Lord Beaverbrook tó jẹ́ mínísítà fún ṣíṣe ọkọ̀ òfúrufú ní ẹni tó bá dá 5,000 pọ́n-ùn, wọ́n á kọ orúkọ tó bá fẹ́ sára Spitfire kan fún un. Iye tó ń ná wọn gan-an ju ìyẹn lọ, àmọ́ iye tí wọ́n pè é nìyẹn. Ìlú dá a, ilé iṣẹ́ dá a, àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso náà dá a. Nàìjíríà wà nínú wọn. Wọ́n kọ orúkọ wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà ní lẹ́tà kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àwọn tí kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ àtiṣàkóso ara wọn ló ń sanwó kí ẹlòmíràn lè wà lómìnira.

Ìyẹn tó lórí orúkọ. Ẹ bá mi fẹ́ iná yìí.

Ohun ìyanu àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù Akutan, ní Alaska. Lọ́jọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1942, ìbọn ba Zero kan lẹ́yìn tí àwọn ará Japan kọlu Dutch Harbor, ibùdó ogun Amẹ́ríkà. Ọmọkùnrin tó ń wà á, Tadayoshi Koga, kò ju ẹni ọdún 19 lọ. Ọ́ìlì ń jò lára ọkọ̀, ó mọ̀ pé òun ò ní í dé ilé. Ó wo ilẹ̀, ó rí pápá tó tutù yọ̀yọ̀, ó sọ táyà kalẹ̀ kó lè balẹ̀ jẹ́jẹ́. Pápá kọ́, àbàtà ni koríko bò. Táyà rì, ọkọ̀ dojú dé, ọrùn Koga ṣẹ́. Àwọn méjì tí wọ́n jọ jáde ń yí lókè. Àṣẹ tí wọ́n gbà ni pé kí wọ́n dáná sun ọkọ̀ tó bá já sọ́wọ́ ọ̀tá, àmọ́ wọn ò mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ wọn ṣì ń mí nínú rẹ̀. Wọn ò lè yìnbọn sí i. Wọ́n lọ.

Oṣù kan kọjá kí ọkọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà kan tó rí i níbi tó dojú dé sí. Wọ́n wọ́ ọ jáde, wọ́n kó o lọ sí San Diego, wọ́n tún un ṣe, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án, ọ̀gágun ojú omi Eddie Sanders gbé e fò. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e ni àṣírí ti ń tú. Bí eré rẹ̀ bá ti pọ̀, ọwọ́ tó ń darí apá á le gan-in, kò ní í lè yípo kíákíá. Ó sì máa ń yí sí òsì ju ọ̀tún lọ. Bí awakọ̀ bá sì ti imú rẹ̀ sísàlẹ̀ lójijì, ẹ́ńjìnnì á kú fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wọn lójú ogun: bí Zero bá wà lẹ́yìn yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wìì, kẹ́ ẹ yí sí ọ̀tún. Àwọn kan ń sọ pé ọkọ̀ Koga yìí ni wọ́n wò kí wọ́n tó ya Hellcat, ọkọ̀ ajagun Amẹ́ríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Hellcat ti fò kí wọ́n tó rí Zero nínú àbàtà.

Ẹ́ńjìnnì tó ń kú yẹn, Spitfire náà ní àrùn ọ̀hún. Kábúrétọ̀ ló fà á. Bẹntiróòlù wà nínú abọ́ kékeré kan nínú kábúrétọ̀. Bí imú ọkọ̀ bá ti lọ sílẹ̀ lójijì, bẹntiróòlù á fò sókè abọ́, ẹnu ihò á gbẹ, ẹ́ńjìnnì á wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni epo á wá ya lu ẹ́ńjìnnì ju bó ṣe lè mu lọ. Messerschmitt, ọkọ̀ ajagun àwọn Jámánì, kò ní kábúrétọ̀, ṣe ni wọ́n ń ti epo bọ inú ẹ́ńjìnnì tààrà, nítorí náà bí Spitfire bá ń lé wọn, wọ́n á kàn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á sá lọ.

Obìnrin ló dín ìṣòro yìí kù. Beatrice Shilling ni orúkọ rẹ̀, ẹnjiníà ni ní Farnborough, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe ìwádìí ọkọ̀ òfúrufú. Kì í ṣe obìnrin tó ń rìn jẹ́jẹ́ o: ó ti gun alùpùpù Norton nínú ìdíje ní Brooklands, ó sì ti kọjá 100 máìlì ní wákàtí kan. Ó ṣe ìṣirò iye epo tí ẹ́ńjìnnì lè mu nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ tagbáratagbára, ó sì ṣe wáṣà kan, ihò kan ṣoṣo ló wà láàárín rẹ̀, tí kò ní í jẹ́ kí epo tó kọjá ìyẹn wọlé. Kò pọn dandan kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì kúrò kí wọ́n tó fi sí i. Láti oṣù kẹta ọdún 1941, òun àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ láti pápá dé pápá, wọ́n ń fi í sí ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ogun fún wáṣà náà lórúkọ tí mi ò ní í pè lójú ọmọdé.

Farnborough yẹn náà ni ìyanu kejì ti ṣẹ̀. Ìró ní eré tirẹ̀. Nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sá bíi 760 máìlì ní wákàtí kan. Lókè níbi tí òtútù wà, ó dín. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, afẹ́fẹ́ tó wà níwájú á ti gbúròó rẹ̀, á yà fún un. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ eré ìró, ìkìlọ̀ kì í tètè dé ọ̀dọ̀ afẹ́fẹ́ mọ́, afẹ́fẹ́ á wá dì síra wọn bí èrò ọjà tó ń du ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo nígbà tí òjò bá dé. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Ọ̀pá ìdarí á le. Lightning, ọkọ̀ tí mo ní wọ́n sọ ní mànàmáná, ló kọ́kọ́ fojú àwọn ará Amẹ́ríkà rí màbo: lọ́dún 1941, Ralph Virden, ọ̀kan nínú àwọn tó ń dán an wò fún Lockheed, sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, ìrù ọkọ̀ ya, ó sì kú.

Àwọn ará Farnborough fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an. Spitfire ni wọ́n yàn, torí pé apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Irú èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán, tí kò ní ìbọn, ni wọ́n lò. Ìwọ̀n pọ̀ nínú rẹ̀, kámẹ́rà kan sì wà tó ń ya ohun tí àwọn ìwọ̀n náà ń sọ. Lọ́jọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1944, Ọ̀gágun Martindale gbé e gòkè dé nǹkan bí 40,000 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì ti imú rẹ̀ sísàlẹ̀. Eré ọkọ̀ kọjá 600 máìlì ní wákàtí kan. Ó dé ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún eré ìró. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: ọkọ̀ alábẹ̀bẹ̀, tí wọ́n ti yàwòrán rẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá yín! Meteor, ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe nígbà náà, kò lè sún mọ́ eré yẹn.

Ni nǹkan bá dún gbàmù. Abẹ̀bẹ̀ imú ọkọ̀ já kúrò, òun àti irin eléyín tó ń yí i. Gbogbo ìwúwo iwájú lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìrù wá wúwo ju imú lọ, ọkọ̀ sì ta gìrì padà sókè. Agbára tó tẹ Martindale mọ́ ìjókòó pọ̀ débi pé ẹ̀jẹ̀ sá kúrò lórí rẹ̀, kò mọ ibi tó wà mọ́. Nígbà tó jí, òun náà rèé lókè, ní nǹkan bí 40,000 ẹsẹ̀ bàtà tó ti kúrò. Kò sí abẹ̀bẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò wúlò mọ́. Ó wo ẹ̀gbẹ́, ó rí i pé apá ọkọ̀ ti tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn máa ṣe ni kó fi páráṣúùtì bẹ́. Òun ò bẹ́. Fíìmù inú kámẹ́rà ló ń rò. Ó fi ọkọ̀ náà fò láì sí ẹ́ńjìnnì fún nǹkan bí ogún máìlì, ó bá a balẹ̀ ní Farnborough, ó sì fa fíìmù lé àwọn olùwádìí lọ́wọ́. Mo ti sọ ìtàn yìí ní kíláàsì títí ẹnu fi ń ro mí, inú mi ṣì máa ń lọ sókè tí mo bá dé ibi tó ti jí yẹn.

Lọ́dún yẹn kan náà, ní Langley ní Virginia, olùwádìí ọkọ̀ òfúrufú kan, Robert Gilruth, ń wá ọ̀nà mìíràn sí ìbéèrè kan náà. Ihò afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń dán ọkọ̀ wò kì í sọ òótọ́ mọ́ bí eré bá ti dé ti ìró. Gilruth wo apá Mustang. Ó mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ bá ń gun orí apá, ó ń sáré ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Bí Mustang bá sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin eré ìró, afẹ́fẹ́ orí apá rẹ̀ á ti kọjá ìró. Ó gé apá ọkọ̀ kékeré kan, kò ju kí ọmọdé fi ṣeré lọ, ó gbé e nàró sórí apá Mustang, ó sì fi ìwọ̀n rẹ̀ sínú àyè tí ìbọn máa ń wà. Ọkọ̀ kò ré eré ìró kọjá, àmọ́ ohun tó gbé sórí ń wẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó ti ré e kọjá. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ mi ju ìgboyà Martindale lọ, ká sọ tòótọ́. Gilruth yìí ló padà di olórí ibùdó Houston tó rán ènìyàn lọ sínú òṣùpá.

Ní báyìí, ẹ fara balẹ̀. Ti àrá ló kù.

Black Widow ni ọkọ̀ kan ń jẹ́, orúkọ aláǹtakùn dúdú olóró. Ilé iṣẹ́ Northrop ló ṣe é fún ogun òru: ó dúdú, ó ń dán, ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, rédà sì wà ní imú rẹ̀ tó fi ń rí ọ̀tá nínú òkùnkùn. Nígbà tí ogun parí, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ mọ́. Àmọ́ ìjì òjò ń já ọkọ̀ tó ń kó èrò lulẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sì fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ìkùukùu tí gbogbo awakọ̀ ń sá fún. Horace Byers ti Yunifásítì Chicago ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ wo ló le tó, tó ní rédà, tí wọn kò ní í ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bó bá ṣègbé? Aláǹtakùn ni.

Lọ́dún 1946 ní Florida, lọ́dún 1947 ní Ohio, wọ́n ń fi ọkọ̀ wọ inú àrá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wọ̀ ọ́ o! Ọkọ̀ márùn-ún á jọ lọ, ọ̀kan ní 5,000 ẹsẹ̀ bàtà, òmíràn lókè rẹ̀, títí dé 25,000, wọ́n á sì gba inú ìkùukùu kan náà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣẹ tí wọ́n fún awakọ̀ ta ko gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ: má bá a jà. Di ọkọ̀ mú kó dọ́gba. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé ọ sókè, máa lọ sókè. Bó bá jù ọ́ sílẹ̀, máa lọ sílẹ̀. Bó ṣe ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ yẹn ni ìwọ̀n tí àwọn olùwádìí ń wá. Yìnyín lu ọkọ̀, mànàmáná bà wọ́n, wọ́n sì wọ inú ìjì ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ. Ẹnì kankan kò kú. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, Olúkòso ṣì ni Olúkòso.

Ohun tí wọ́n rí nìyí. Àrá kì í ṣe ìkùukùu kan ṣoṣo. Ìdì ìdì ló wà, ìdì kọ̀ọ̀kan sì ń dàgbà, ó ń gbó, ó ń kú láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń lọ sókè, òjò kò tíì dé ilẹ̀. Bí omi inú rẹ̀ bá wúwo tó, òjò á bẹ̀rẹ̀, á sì máa wọ́ afẹ́fẹ́ tútù bọ̀ wálẹ̀. Ìgbà yẹn lèyí tó ń gòkè àtèyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ibẹ̀ ló ti burú jù. Lẹ́yìn náà, èyí tó ń bọ̀ wálẹ̀ á gba gbogbo ibẹ̀, á gé oúnjẹ ìjì, ìjì á kú. Atẹ́gùn tútù tó máa ń kọ lù wá kí òjò tó dé, tí ìyá yín á fi pariwo pé kẹ́ ẹ sáré ká aṣọ, afẹ́fẹ́ tí òjò wọ́ wálẹ̀ yẹn ni, ó dé ilẹ̀, ó sì fọ́n ká. Ìgbà tí wọ́n tẹ ìwé ìwádìí yẹn jáde lọ́dún 1949 ni àwọn tó ń kọ́ni nípa ojú ọjọ́ rí ẹ̀rí gidi dì mú. Ohun tí mo kọ́ yín nílé ẹ̀kọ́ nípa àrá, inú ọkọ̀ aláǹtakùn ló ti wá.

Spitfire náà kò jókòó. Lọ́dún 1952, Ted Powles gbé ọ̀kan láti Hong Kong lọ wo bí òtútù òkè ṣe rí, ó sì dé 51,550 ẹsẹ̀ bàtà. Wọ́n tún ní bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, eré rẹ̀ ju ti Martindale lọ. N ò gba ìyẹn gbọ́ tán, torí ìwọ̀n inú ọkọ̀ máa ń purọ́ ní irú eré bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ní pápá Woodvale, Spitfire mélòó kan ń gòkè lójoojúmọ́ dé 30,000 ẹsẹ̀ bàtà láti wọn ooru àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ fún àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí. Àwọn tó ń wà wọ́n kì í ṣe sójà. Ogun ti parí lọ́dún méjìlá sẹ́yìn kí wọ́n tó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wọn, ní oṣù kẹfà ọdún 1957. Wọ́n gbé mẹ́ta nínú wọn lọ sí Biggin Hill fún ìrántí ogun. Ọ̀kan, PM631, wà ní pápá Coningsby di òní, wọ́n sì máa ń gbé e fò lójú àwùjọ, táwọn ènìyàn á máa pàtẹ́wọ́ fún akọni tó ja ogun Hitler. Oṣù kọkànlá ọdún 1945 ni wọ́n ṣe é tán. Kò bá wọn ja ogun náà, kò sì ní ìbọn lára rí.